Àlejò Ọjọ́ Ìṣẹ́gun

Ibi méjì ni mo ti ń kàwé oyè mi. Ọ̀kan wà lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan ní Àgọ́ Palace, níbi tí ilé ìwé wa háyà gbọ̀ngàn sí fún àwa tí a ń ṣiṣẹ́ láàárín ọ̀sẹ̀. Ọjọ́ Sátidé la máa ń pàdé níbẹ̀. Ìkejì wà nínú pálọ̀ ara mi ní Mafoluku, lórí fóònù, ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun àti Ọjọ́bọ. Bí wọ́n ṣe là á kalẹ̀ fún wa nìyẹn lọ́jọ́ tí a wọlé: ìdajì lójúkojú, ìdajì lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Ọ̀gá tó ń ṣàlàyé fún wa ní àwọn méjèèjì dọ́gba, pé ẹ̀kọ́ kan náà ni, olùkọ́ kan náà ni, ibi tí èèyàn jókòó sí nìkan ló yàtọ̀. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń kọ́ ọmọdé ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Ìsọlọ̀, ó sì yẹ kí n mọ̀ pé ibi tí èèyàn jókòó sí kì í ṣe nǹkan kékeré. Ṣùgbọ́n mo gbà á gbọ́.

Ọjọ́ Sátidé dùn mọ́ mi ju bó ṣe yẹ kó dùn mọ́ àgbàlagbà tó ti lé lógójì ọdún. Mo máa ń wọ kẹ̀kẹ́ dé Òṣòdì, kí n wọ ọkọ̀ gba Ìsọlọ̀ kọjá, kí n wá gun àtẹ̀gùn yẹn lọ sókè pẹ̀lú báàgì léjìká bí ọmọ ilé ìwé. Gbọ̀ngàn náà gbóná. Jẹnẹrétọ̀ ilé kejì ń pariwo sí wa létí, àga ibẹ̀ sì le débi pé ìyá kan nínú wa máa ń gbé tìmùtìmù rẹ̀ wá láti ilé. Síbẹ̀, ojú lọ̀rọ̀ wà. Olùkọ́ wa á máa sọ̀rọ̀ lọ, á wò wá lójú, á dúró. Kò sẹ́ni tó sọ fún un pé ọ̀rọ̀ náà ò yé òun, ojú wa ló sọ ọ́. Á nu ohun tó kọ sójú pátákó, á tún un bẹ̀rẹ̀. Lórí fóònù, ńṣe ló máa ń béèrè pé, "Ṣé ó yé yín?" Gbogbo wa á dákẹ́ lọ gbári. Á ní, "Ó dáa," á sì máa bá tirẹ̀ lọ.

Mi ò ní parọ́ mọ́ kíláàsì orí fóònù o. Ó ní oore tirẹ̀. Wọ́n máa ń gba ohùn olùkọ́ sílẹ̀ fún wa, mo sì máa ń gbọ́ ọ nígbà tí mo bá ń fọṣọ. Ibi tí kò bá yé mi, màá fi ìka tútù fà á padà sẹ́yìn. Ta ló jẹ́ sọ fún olùkọ́ nínú gbọ̀ngàn pé kó padà sẹ́yìn lẹ́ẹ̀mẹta lẹ́ẹ̀mẹrin, kí gbogbo ilé má bú sẹ́rìn-ín? Ẹ̀kọ́ kan wà lórí bí a ṣe ń ṣírò bí máàkì àwọn ọmọ kíláàsì ṣe jìnnà síra wọn. Ìdí agbada ìfọṣọ ni mo ti lóye rẹ̀, yunifọ́ọ̀mù àwọn ọmọ mi lọ́wọ́ kan, ọṣẹ lọ́wọ́ kejì. Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá ń bú ẹ̀kọ́ orí íńtánẹ́ẹ̀tì níwájú mi, mo máa ń ní kó rọra.

Wàhálà tèmi kò sí nínú fóònù. Inú ilé ló wà.

Lọ́jọ́ Sátidé, mi ò sí nílé, gbogbo ilé sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ọkọ mi, tó ń ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń kó ẹrù sínú ọkọ̀ òfurufú, á se iṣu fún àwọn ọmọ. Á wá iyọ̀, á sì rí iyọ̀. Bí ẹnì kan bá kanlẹ̀kùn, á lọ ṣí i. Bí gáàsì bá tán, ó mọ ibi tí wọ́n ti ń rọ ọ́. Mo máa ń dé nírọ̀lẹ́ kí n bá ilé bó ṣe yẹ kó wà. Ṣùgbọ́n tó bá ti di ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọkùnrin kan náà, nínú ilé ìdáná kan náà, kò mọ ibi tí iyọ̀ wà mọ́. "Mọ́mì, iyọ̀ dà?" Àwọn ọmọ á ní kí n wá wo iṣẹ́ àmúrelé wọn. Obìnrin tí a jọ ń gbé inú ọgbà á wá sọ pé omi ń dà sílẹ̀ látinú táǹkì, ṣé àwa la gbàgbé pọ́ǹpù ni. Gbogbo wọn ló rí i pé mo wà nílé. Kò sí ẹni tó rí i pé mo ti jáde lọ.

Kò sí ìkà nínú wọn. Mo ráhùn lọ́jọ́ kan, ọkọ mi ní, "Ṣé mo lé ẹ jáde ni? Fóònù yẹn á ṣì wà níbẹ̀ tó o bá padà dé." Kò fi búburú sọ ọ́. Lójú tirẹ̀, obìnrin tó jókòó sí pálọ̀ tó tẹjú mọ́ fóònù, obìnrin tó ń sinmi ni. Ká sòótọ́, bí èmi náà bá rí i tó ń tẹ fóònù lórí àga, iṣẹ́ ni mo máa ń rán an.

Ẹ̀kọ́ tí a ń kọ́ ní sáà yẹn dá lórí bí olùkọ́ ṣe ń ṣe ìdánwò tó tọ́ fún ọmọdé. Mo ti fìdí rẹmi nínú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ẹni tó ń kọ́ wa, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí àbíkẹ́yìn ìyá mi dàgbà jù, ní àṣà kan: láàárín ọ̀rọ̀, láìrò tẹ́lẹ̀, á pe orúkọ ẹnì kan. Ẹni yẹn gbọ́dọ̀ tan máìkì kó sì dáhùn. Bí kò bá dáhùn, kò wá sí kíláàsì nìyẹn. Ó ní òun ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni tan fóònù sílẹ̀ kó wá lọ sùn, mo sì dá a láre, torí bí mo ṣe ń ṣe àwọn ọmọ kíláàsì mi náà nìyẹn. Àmọ́ ó ti pè mí ju ẹ̀ẹ̀kan lọ nígbà tí mo wà nídìí iyọ̀.

Ọjọ́ Sátidé kan, lẹ́yìn tí àwọn yòókù ti sọ̀kalẹ̀, ó pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó wo ilẹ̀ kó tó sọ̀rọ̀.

"Ẹ má bínú, mà. Tí mo bá tún pè yín tí mi ò gbọ́ ohùn yín, mi ò ní lè jẹ́ kí ẹ kọ ìdánwò yìí. Òfin ilé ìwé ni."

Mo ní, "Mo gbọ́, sà."

Mo jókòó sínú kẹ̀kẹ́ nígbà tí mò ń lọ sílé, mò ń ro ọ̀rọ̀ iṣẹ́ mi. Ìyá tó ni ilé ìwé tí mo ti ń ṣiṣẹ́ ti sọ fún wa pé láti sáà tó ń bọ̀, ẹni tí kò bá ní oyè, tí kò sì lè fi hàn pé òun ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gbà á, kò ní dá kíláàsì mú mọ́. Yóò di igbákejì lábẹ́ ẹlòmíràn. Kíláàsì kẹta ni mo mú, mo sì ti mú un pẹ́ débi pé mò ń kọ́ àbúrò àwọn tí mo kọ́kọ́ kọ́. Mo fojú inú wo ara mi níbi tí mo ti ń pín ìwé, tí mò ń nu imú ọmọ, tí ẹni tó jáde nílé ìwé lánàá dúró níwájú pátákó mi. Ó dùn mí wọra. Mo fẹ́ràn kíláàsì yẹn ju bí mo ṣe máa ń jẹ́ kí wọ́n mọ̀.

Àárín ìgbà yẹn ni ìyá ọkọ mi dé láti Èkìtì. Ohun funfun kan ti bo ojú rẹ̀ méjèèjì, dókítà sì ní kó wá sí Èkó kí wọ́n yọ ọ́. Mo fi ẹ̀rín kí i káàbọ̀, mo gbẹ́rù rẹ̀ wọlé, mo wá dúró sínú yàrá, mò ń ronú pé ẹni tó máa rán mi níṣẹ́ ti pọ̀ sí i. Ọmọ Ẹ̀gbá ni mí. Èkìtì ìyá ọkọ mi máa ń yára lẹ́nu rẹ̀, ó sì gbà mí lọ́dún púpọ̀ kí n tó lè gbọ́ ọ tán. Ohun tó bá sọ, màá kọ ọ́ síbí bí gbogbo èèyàn ṣe lè gbọ́ ọ.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun àkọ́kọ́ tó lò lọ́dọ̀ wa, a jọ jókòó sí pálọ̀. Mo gbé fóònù lọ́wọ́. Kíláàsì bẹ̀rẹ̀, olùkọ́ ń sọ̀rọ̀. Ìyá gbórí sókè.

"Ta nìyẹn?"

"Olùkọ́ mi ni, Màmá."

"Ibo ló wà?"

"Inú fóònù ni, mà."

Ọkọ̀ òfurufú kan fò kọjá lókè ilé wa, ariwo rẹ̀ gbé ọ̀rọ̀ olùkọ́ mì bó ṣe máa ń ṣe ní Mafoluku. Bí ariwo náà ṣe ń lọ sílẹ̀ ni mo gbọ́ orúkọ mi. Mo yára tan máìkì. Kí n tó lanu, ìyá ọkọ mi ti gbọ́ pé wọ́n pe ìyàwó òun, ó sì ti sún mọ́ tòsí.

"Ẹ pẹ̀lẹ́ o, olùkọ́. Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ kú làálàá lórí ọmọ ọlọ́mọ. Ilé ńkọ́?"

Ọmọkùnrin tó ń kọ́ wa yìí ní bọ́tìnì kan lọ́wọ́ rẹ̀ tó fi lè pa ẹnikẹ́ni nínú wa lẹ́nu mọ́, ó sì máa ń lò ó dáadáa. Ó ti fi pa àkùkọ lẹ́nu mọ́, ó ti fi pa jẹnẹrétọ̀ lẹ́nu mọ́. Ṣùgbọ́n ta ni ìyá rẹ̀ bí i re tó máa tẹ bọ́tìnì mọ́ ìyá àgbà lẹ́nu níbi tó ti ń kí i?

"Ẹ kúùrọ̀lẹ́, mà," ló wí. "A dúpẹ́, mà."

"Ìyàwó ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́?"

"Wọ́n wà, mà."

Gbogbo wa la mọ̀ pé kò tíì gbéyàwó.

"Ẹ ti jẹun?"

"A ti jẹun, mà."

Ìyá wá gbàdúrà fún un. Ó ní ibi tó bá kọ́ ọmọ ẹlòmíràn dé, ibẹ̀ ni wọn yóò kọ́ ọmọ tirẹ̀ kọjá. Ohun tó wá ṣẹlẹ̀, mi ò rí irú rẹ̀ rí. Àwọn èèyàn tí wọn kì í tan máìkì bí olùkọ́ bá bi wọ́n bóyá ọ̀rọ̀ yé wọn, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tan án lọ́kọ̀ọ̀kan. Àmín. Àmín o. Àmín, mà. Òmíràn ń bọ̀ láti Ìkòròdú, òmíràn láti ibi iṣẹ́, ọmọ ẹnì kan ń ké lẹ́yìn tirẹ̀. Àdúrà yẹn nìkan ni gbogbo kíláàsì fi ẹnu kò dáhùn ní sáà náà. Ìtìjú bò mí. Mo dáhùn ìbéèrè tí olùkọ́ bi mí, ó sì ní mo gbà á.

Nígbà tí kíláàsì parí, ìyá ọkọ mi bá mi wí. Ó ní irú ìwà wo nìyẹn, pé àgbàlagbà ọkùnrin wá sílé mi, mo gbé e mọ́wọ́ bíi tọ́ọ̀ṣì, kò rí àga, kò rí omi.

"Màmá, kò sí níbí."

"Ṣé ohùn rẹ̀ kọ́ ni mo gbọ́?"

Mo gbé fóònù lọ sí yàrá.

Ní Ọjọ́bọ, nígbà tí mo ti ibi iṣẹ́ dé, pálọ̀ ti yí padà. Àga ọkọ mi, èyí tó dá dúró tó dojú kọ tẹlifíṣọ̀n, tí àwọn ọmọ kò gbọ́dọ̀ fìdí kàn, ìyá ti yí i sí ọ̀nà mi. Ó fi tìmùtìmù síbi ìfẹ̀yìntì rẹ̀. Ó gbé àpótí kékeré síwájú àga náà, ó gbé ife omi lé e, ó sì fi àwo bo omi náà. Ó ní kí n gbé fóònù lé orí àga. Mo rẹ́rìn-ín títí ikùn fi ń dùn mí, mo sì gbé e lé e, torí pé ta ni máa bá ìyá ọkọ ẹ̀ jiyàn nítorí àga. Òun fúnra rẹ̀ gbé àpótí mìíràn, ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà tó lọ sí ilé ìdáná.

Àkọ́bí mi yọjú. "Mọ́mì..."

"Ìyá rẹ ní àlejò."

Ọmọ náà wo àga, ó wo fóònù, ó yí padà. Obìnrin inú ọgbà wa kanlẹ̀kùn. Ìyá ní mo ní àlejò. Mo gbọ́ tí obìnrin náà ní kí wọ́n má bínú, mo sì gbọ́ bàtà rẹ̀ tó ń rọra lọ.

Mo ti máa ń sọ fún wọn tẹ́lẹ̀ pé mò ń kàwé. Mo ti bẹ̀bẹ̀, mo ti jágbe. Kò sí èyí tó ṣiṣẹ́. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni ìyá yìí sọ, ilé sì pa rọ́rọ́. Ohun tí a fi tọ́ gbogbo wa ni. Bí àlejò bá wà ní pálọ̀, ẹni tó ń pariwo á rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀, tọkọtaya tó ń jà á dá ìjà dúró, ọmọ tó fẹ́ sunkún á gbé e mì títí àlejò fi máa lọ. Kò sẹ́ni tó ń pe ìyàwó ilé kúrò níwájú àlejò pé kó wá fi iyọ̀ han òun.

Ọkọ mi ló tún kù. Ó ti ibi iṣẹ́ dé nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, ó bá fóònù lórí àga rẹ̀.

"Ta ló jókòó sórí àga mi?"

"Olùkọ́ ìyàwó rẹ," ni ìyá rẹ̀ wí.

Ó wo fóònù. Ó wo ìyá rẹ̀. Ó wò mí. Mi ò jẹ́ kí ojú wa pàdé, kí ẹ̀rín má pa mí. Ó gba ẹ̀gbẹ́ ìyá rẹ̀ wọlé ìdáná. Mo gbọ́ bó ṣe ń ṣí ìkòkò lọ́kọ̀ọ̀kan.

Lọ́jọ́ kejì ó fa ọwọ́ mi. Ó ní, "Màmá ti dàgbà o. Ọ̀rọ̀ àga yìí, ká má jẹ́ kí wọ́n gbọ́ ọ níta." Ohun tí èmi náà ń rò nìyẹn. Àánú Màmá ṣe mí. Mo rò pé ojú tí kò ríran àti ọjọ́ orí ti pawọ́ pọ̀, pé ìyá ò mọ ìyàtọ̀ láàárín èèyàn àti ohùn èèyàn mọ́. A gbà láàárín ara wa pé a ò ní já a ní koro. Bí a ṣe ń ṣe é nìyẹn lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀: àga, tìmùtìmù, omi. Wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ ojú kan fún Màmá, wọ́n fi báńdéèjì dì í, ó ṣì ń wá jókòó sẹ́nu ọ̀nà. Olùkọ́ pè mí, mo dáhùn. Ó tún pè mí, mo dáhùn. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ ohun tó ń sọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, mo sì rí i pé ọmọkùnrin yìí mọ̀wé gan-an. Mi ò mọ̀ bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀, torí ìdajì ọ̀rọ̀ rẹ̀ nìkan ni mò ń gbọ́.

Ìparí sáà ló mú nǹkan le. Olùkọ́ ní kálukú wa á kọ́ kíláàsì ní nǹkan kan látinú iṣẹ́ rẹ̀, lórí fóònù, kí ó tó lè fi orúkọ wa ránṣẹ́ fún ìdánwò. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ló kàn mí. Ohun tí mo mú ni bí a ṣe ń bi ọmọ tí kì í sọ̀rọ̀ ní ìbéèrè, kí a lè mọ̀ bóyá kò mọ̀ ọ́n ni tàbí a ò bi í dáadáa. Ọ̀rọ̀ yẹn ti wà nínú mi tipẹ́, torí wọ́n ní ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́, bẹ́ẹ̀ ọmọdé mìíràn wà tí kò dákẹ́, àwa la ò gbọ́ ọ.

Olùkọ́ ní, "Ẹ̀yin ló kàn, mà." Bí mo ṣe tan máìkì ni mo gbọ́ ohùn ọkùnrin lẹ́nu ilẹ̀kùn. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ni, àkọ́bí ìyá, láti Èkìtì, tó wá wo ojú ìyá rẹ̀ láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Alàgbà ni ní ṣọ́ọ̀ṣì wọn. Ó jẹ́ ẹni tí mo máa ń kúnlẹ̀ kí, tí mo máa ń gbé omi fún kó tó fìdí kalẹ̀, tí mo sì máa ń gúnyán fún kó tó sinmi. Orúnkún mi ti ń tẹ̀ fúnra rẹ̀. Bí mo bá dìde, ìdánwò lọ, kíláàsì mi lọ. Bí mi ò bá dìde, èmi ni ìyàwó Ẹ̀gbá tó rí ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ tó jókòó tó ń tẹ fóònù. Ìtàn yẹn á dé Èkìtì kí ọkùnrin náà tó padà délé.

Ọkọ mi dúró lẹ́yìn ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ó ń fi ojú bẹ̀ mí pé kí n dìde. "Mọ́mì," ló wí, "Bọ̀ọ̀dá dé."

"Ẹ rọra," ni ìyá wí láti ẹnu ọ̀nà. "Ó ní àlejò."

"Àlejò wo?" ni alàgbà béèrè.

"Èyí tó ti wà níbí kí ìwọ tó dé. Ẹni tó kọ́kọ́ wọlé là á kọ́kọ́ dá lóhùn. Wá jókòó sí ẹ̀gbẹ́ mi."

Alàgbà wo àga àti fóònù àti omi. Ó wo ìyá rẹ̀ pẹ̀lú báńdéèjì lójú. Mi ò mọ ohun tó rò, ṣùgbọ́n ó jókòó sórí àpótí mìíràn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá rẹ̀, orúnkún rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àgbọ̀n rẹ̀. Ìyá ọkọ mi dìde. Ó fi ọwọ́ tọ ògiri, ó wọlé ìdáná, mo sì gbọ́ tó ń bẹ iṣu.

Mo ti ń sọ̀rọ̀ nígbà yẹn. Mò ń ṣàlàyé fún kíláàsì pé kí olùkọ́ kọ́kọ́ sún mọ́ ọmọ náà, kó rẹ ohùn sílẹ̀, nígbà tí mò ń gbọ́ ọ̀bẹ lára iṣu. Ìyá ọkọ ń dáná fún ọmọ rẹ̀ nínú ilé tí ìyàwó wà, ìyàwó sì jókòó. Ohùn mi já.

"Ṣé kò sí nǹkan, mà?" ni olùkọ́ béèrè.

Mo ní, "Kò sí, sà," mo sì ń bá a lọ.

Ọkọ mi ń wò mí. Ó wo ọ̀nà ilé ìdáná. Lẹ́yìn náà ó bọ́ ẹ̀wù iṣẹ́ rẹ̀, ó tẹ̀ lé ìyá rẹ̀ wọlé. Mo gbọ́ tó ní, "Màmá, ẹ fún mi lọ́bẹ."

Nígbà tí mo ṣe tán, olùkọ́ ní òun fẹ́ kí n kọ ohun tí mo sọ sílẹ̀ fún àwọn yòókù. Mo pa fóònù, mo kúnlẹ̀ fún alàgbà, mo tọrọ àforíjì. Ó ní kò burú. Ó ní ọ̀rọ̀ ọmọ tí kì í sọ̀rọ̀ yẹn, òun gbọ́ ọ, pé bí òun ṣe rí nìyẹn ní kékeré. Ó wá tọ́ka sí orí àpótí iwájú àga, ó ní àlejò mi ò mu omi rẹ̀, ó ṣí àwo orí rẹ̀, ó sì gbé omi náà mu.

Mo kọ ìdánwò lọ́jọ́ Sátidé nínú gbọ̀ngàn gbígbóná yẹn, mo sì yege. Nígbà tí èsì jáde mo gbé e lọ bá ìyá tó ni ilé ìwé wa. Ó wò ó, ó ní kí n máa bá kíláàsì mi lọ, ìyókù á dé nígbà tó bá dé. Mo lọ sí ilé ìgbẹ́ àwọn olùkọ́, mo sunkún díẹ̀, mo bọ́jú, mo padà lọ kọ́ àwọn ọmọ kíláàsì mi ní ìṣirò.

Sáà tuntun ti bẹ̀rẹ̀ fún àwa tí a ń kàwé oyè nígbà tí ìyá ọkọ mi fẹ́ padà sílé. Ojú rẹ̀ méjèèjì ti là. Èmi ni mo sìn ín lọ sí gáréèjì ní Òṣòdì láàárọ̀, torí àwọn ọmọ ilé ìwé mi wà ní ìsinmi. A jókòó de ọkọ̀ kó kún. Ó fa fóònù kékeré kan yọ láti abẹ́ ìró rẹ̀, ó tẹ̀ ẹ́, ó gbé e sétí. Ó bá ọmọbìnrin rẹ̀ tó wà ní Adó sọ̀rọ̀, ó ní kó wá pàdé òun, ó ní kó má gbàgbé òróró, ó bú u díẹ̀, ó pa á. Mò ń wò ó.

"Màmá," mo ní, "ẹ ò gbé àga fún un."

Ó wò mí, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín.

"Ṣé o rò pé mi ò mọ fóònù ni? Ó ti tó ọdún mélòó tí ẹ̀yin ọmọ ti ń bá mi sọ̀rọ̀ lórí ẹ̀?"

Ó fi fóònù náà padà sábẹ́ ìró rẹ̀.

"Kí ni ǹ bá sọ fún ọmọ mi? Pé kó fi ọ́ sílẹ̀ torí ò ń kàwé? Á ní, 'Ó dáa, Màmá.' Tó bá dọ̀la, á tún pè ọ́. Èmi ni mo tọ́ ọ. Mo kọ́ ọ pé kó bọ̀wọ̀ fún àlejò. Mi ò kọ́ ọ pé kó bọ̀wọ̀ fún ìwé ìyàwó."

Ó tún ìró rẹ̀ dì. Ó wá sọ fún mi, bí ẹni ń sọ̀rọ̀ ojú ọjọ́, pé àwọn kan wá kọ́ àwọn àgbà ní ìwé kíkà nílé wọn nígbà tí òun ṣì jẹ́ ìyàwó tuntun. Àgbàlá ṣọ́ọ̀ṣì ni wọ́n ti ń ṣe é, ògiri kan ṣoṣo ló sì wà láàárín ibẹ̀ àti ilé ọkọ rẹ̀. Bó bá ti jókòó, wọ́n á ti pè é láti ojú fèrèsé: omi, ọmọ, iná. Á dìde lọ, á padà dé, àwọn yòókù á ti ṣí ìwé sí ojú ewé mìíràn. Obìnrin tó wá láti òdìkejì odò, tí kò sẹ́ni tó lè pè é, òun ló mọ̀wé kà nínú wọn.

"Ilé ni kò jìnnà tó," ló wí. "Mo dá ìwé náà dúró."

Mo kúnlẹ̀ fún un níbẹ̀, nínú gáréèjì, láàárín ẹrù àti ẹsẹ̀ àwọn èrò. Kì í ṣe pé mo rò ó tẹ́lẹ̀. Ó ní kí n dìde, aṣọ mi ń dọ̀tí. Mo bi í pé ta ni máa wá jókòó sẹ́nu ọ̀nà fún mi báyìí.

"Ìwọ náà lẹ́nu," ni ìyá ọkọ mi wí, ó sì wọ inú ọkọ̀.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni ọjọ́ yẹn. Nírọ̀lẹ́, ọkọ mi pè mí láti ilé ìdáná. Mo pa máìkì, mo sì dá a lóhùn pé mo wà ní kíláàsì. Mo gbọ́ tó ń ṣí ìkòkò lọ́kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn náà ó ní ó dáa, kò sì pè mí mọ́ títí a fi parí.